Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì Òṣogbo: Ẹ máa gba owó àyẹ̀wò lọ́wọ́ wa

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú àmúmọ́ra àwa oníbàárà. Ògún á máa gbè yín, irin ò ní ṣe yín léṣe. Gbogbo yín ni mo kọ ìwé yìí sí, láti Òkè-Fíà títí dé Old Garage, ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́nà Ìkìrun, ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́nà Gbọ̀ngán, ẹ̀yin rìwáyà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe jíà, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ò tíì ṣe fíríìdọ́ọ̀mù.

Ohun kan ni mo wá bẹ̀ yín fún. Bí a bá ti gbé mọ́tò dé, ẹ dá owó lé wíwá tí ẹ fẹ́ wá ohun tó ń ṣe é. Ẹ sọ fún wa pé, "Iye báyìí ni owó àyẹ̀wò, ẹ̀ báà tún un ṣe níbí, ẹ̀ báà gbé e lọ síbòmíràn." Ẹ gbà á lọ́wọ́ wa, kí ẹ wá fara balẹ̀ wá àìsàn ọkọ̀ náà rí kí ẹ tó rán wa lọ ra páàtì. Mo mọ̀ pé onímọ́tò ẹgbẹ́ mi tó bá ka èyí lè fapá jánú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí nídìí mọ́tò tí èmi tí mò ń sanwó fi wá ń bẹ ẹni tó ń gbowó pé kó gbà sí i.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe fẹ̀yìntì, sáyẹ́ǹsì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Volkswagen Ìjàpá ni mọ́tò tí mo kọ́kọ́ ní, nígbà tí mò ń ti Òṣogbo lọ ṣiṣẹ́ ní Ìkìrun lójoojúmọ́. Ẹ̀yin àgbà inú yín mọ̀ ọ́n dáadáa: ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, búùtù níwájú, kò ní rédíétọ̀ kankan, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Bẹ́líìtì kan náà tó ń yí dínámò ló ń yí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Bàbá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá a, kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tó fi pè mí sídìí ọkọ̀. Ó ní, "Tíṣà, bí iná pupa yìí bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe rò pé bátìrì nìkan ló kàn o. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣí ẹ̀yìn, ẹ wo bẹ́líìtì. Bó bá ti já, ẹ ò gbọdọ̀ wà á dé ìdí igi tó wà níwájú yẹn." Ó fi bẹ́líìtì kan sí búùtù mi. Nígbà tí iná pupa tàn lóòótọ́, mo dúró, bẹ́líìtì ti já, ẹ́ńjìnnì ò sì jóná. Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú mélòó kan ló gba ẹ́ńjìnnì yẹn là.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù nípa bàbá yìí ni ti fáàfù, àwọn ilẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn àti epo ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ró tíkí-tíkí-tíkí, mo sì wà á lọ bá a tààrà láti ibi iṣẹ́. Ó kọ̀, kò kàn án. Ó ní fáàfù Ìjàpá, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá ni wọ́n ń wọn àlàfo rẹ̀, kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ di àárọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, ó wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún èyí tó yẹ ní títún ṣe ṣe, ariwo náà sì parẹ́. Kò pààrọ̀ páàtì kankan. Ó ní kí n san owó ọgbọ́n orí òun àti owó àkókò òun, mo sì san án tayọ̀tayọ̀, nítorí mo mọ ohun tí mo sanwó rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a ra Peugeot 504. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to mọ́tò Peugeot ní Kàdúná, kò sì sí ìlú tí ẹ máa dé nígbà náà tí ẹ kò ní rí ẹni tó mọ 504 í tú. Mọ́tò tó ṣeé tọ́jú ni. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá gbó, láínà inú rẹ̀, irin roboto tí pístìn ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi tuntun sí i pẹ̀lú pístìn, kò di dandan kí wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù lọ gbẹ́ níbikíbi. Ọgbọ́n ojú, ọgbọ́n etí àti ọgbọ́n ọwọ́ tó fún un. Ẹni tó bá mọ ìró kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn, tó mọ àwọ̀ tó yẹ kí púlọ́ọ̀gì ní, tó sì mọ òórùn kílọ́ọ̀ṣì tó ń jó, ọ̀gá pátápátá ni. Púpọ̀ nínú yín, ọwọ́ irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti kọ́ṣẹ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yẹn títí dòní.

Ayé wá yí. Ní 1986 ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun sì bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Tòkúnbọ̀ gbòde. Àwọn mọ́tò tó ń gba Kútọnu wọlé wá náà sì yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀: kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì wọn, kábúrétọ̀ di ohun àtijọ́. Ìwé tí òyìnbó kọ nípa títọ́jú wọn kò bá wọn dé. Ẹnì kankan ò kó yín jọ láti kọ́ yín ní tuntun. Láti orí 504 ni ẹ ti fò bọ́ sórí ọkọ̀ alákọ̀ǹpútà láìsí àtẹ̀gùn láàárín, mi ò sì gbàgbé ìyẹn bí mo ṣe ń kọ ohun tó kù yìí.

Tòkúnbọ̀ tí èmi kọ́kọ́ rà, Toyota Corolla ni. Nígbà tó yá, ó ń gbóná jù lórí òkè, pàápàá bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú wa ní Ọlaiya. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí mi ò ní dárúkọ. Kò tíì pẹ́ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi yọ nǹkan kékeré kan jáde, ó sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí. Ó ní, "Mummy, tẹ́mósítáàtì nìyẹn. Òyìnbó ló ń lò ó nítorí òtútù wọn. Tiwa gbóná, a ò nílò ẹ̀." Lẹ́yìn náà ni rìwáyà kan so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì, tó fi jẹ́ pé bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, fáànù ti ń ké. Ọkọ̀ ò gbóná mọ́. Àmọ́ epo tó ń mu, ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kékeré yẹn fún yín, torí mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà káàkiri ìgboro. Ilẹ̀kùn ni tẹ́mósítáàtì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, yóò ti ara rẹ̀ pa, kí omi má baà máa kọjá lọ sínú rédíétọ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná dé ìwọ̀n tó fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí omi bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 90 ti Sẹ́ńtígíréèdì, bí wọ́n bá ṣe ṣe ti ọkọ̀ náà, yóò ṣí. Bí ẹ bá yọ ọ́ sọnù, omi á máa yí lọ yí bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Sẹ́ńsọ̀, nǹkan kékeré tó ń wọn bí omi ṣe gbóná tó, á wá máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná o, kọ̀ǹpútà á sì máa da epo sí i bí ẹni pé òwúrọ̀ kùtùkùtù ló ṣì jẹ́. Púlọ́ọ̀gì á dúdú. Epo tí kò jó tán á máa ṣàn sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì á máa ṣàn bí omi, irin á sì máa ha irin. Ooru Òṣogbo, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó le jù, kò sún mọ́ ìwọ̀n 82. Ohun tí ilẹ̀ wa gbóná sí kọ́ ni tẹ́mósítáàtì ń wò.

Kí ló ń mú ọkọ̀ mi gbóná gan-an? Rédíétọ̀ ló ti dí. Omi kànga ni ẹni tó ní in ṣáájú mi ń bù sí i, ìpẹtà ti kún inú rẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìgbọ̀nà ló wá rí i. Ó bu omi inú rédíétọ̀ sínú ike, ó gbé e wá fún mi wò, ó pọ́n bí omi ilẹ̀ pupa. Ó fọ rédíétọ̀, ó ra tẹ́mósítáàtì tuntun sí i, ó bu kúláǹtì dípò omi lásán, ó sì ní kí rìwáyà dá okùn fáànù padà sí bó ṣe wà. Ọkọ̀ náà padà sípò, epo tó ń jẹ sì wálẹ̀. Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí àwọn tó kù ò wo inú rédíétọ̀. Ó ní, "Mummy, ta ló máa sanwó fún wíwò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà.

Ti Honda Accord tí mo rà lẹ́yìn rẹ̀ dùn mí jù, nítorí a ò rí i tún ṣe. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní End of Discussion. Jíà ọtọmátíìkì rẹ̀ dára, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo kàn ní kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì jíà ni, ẹni tó ṣe é sì da ọ́ìlì pupa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí i, èyí tó ń dà sí gbogbo ọkọ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọ́ìlì tí Honda ní kí wọ́n máa lò sí jíà yẹn. Ti Toyota tún yàtọ̀: èyí tí wọ́n pè ní T-IV ni àwọn kan ń lò, WS ni àwọn tó dé lẹ́yìn ń lò. Ti Nissan tó ní jíà CVT, irú ọtọmátíìkì mìíràn, tún jẹ́ òmíràn. Orúkọ ọ́ìlì náà wà nínú ìwé ọkọ̀, lára mọ́tò mìíràn wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sórí ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì. Kíkà ni. Kò tó oṣù mélòó kan tí jíà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta, tó ń yọ̀, tó ń lọ́ra kó tó mú. Wọ́n ní ó ti kú, wọ́n ní kí n ra jíà tòkúnbọ̀. Mo rà á. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ọ́ìlì kan náà ni wọ́n tún dà sí èyí tí mo rà.

Mo ta ọkọ̀ náà, owó tí mo gbà lórí rẹ̀ kò tó nǹkan.

Corolla tí wọ́n ṣe ní 2010 ni mò ń wà báyìí. Iná ẹ́ńjìnnì tàn nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ti ní síkánà báyìí, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí, inú mi sì dùn, mo ní ìrọ̀rùn ti dé. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ibi tí wọ́n ń ki síkánà bọ̀ lábẹ́ sítíárì. Wọ́n ki í bọ̀ ọ́, ó gbé nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ P0171 jáde. Ẹni tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ló bàjẹ́. Mo rà á, iná kú, iná tún tàn. Ẹlòmíràn ní páǹpù epo ni. Mo rà á. Iná tún tàn. Wọ́n ní ó ku ínjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí P0171 ń sọ ni pé atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju epo tó ń bá a wọlé lọ. Kò sọ ìdí. Ó lè jẹ́ pé páǹpù ò lágbára mọ́, ó lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn atẹ́gùn ti dọ̀tí, ó lè jẹ́ pé ihò kan wà níbì kan tí atẹ́gùn tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ń gbà wọlé. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí ni síkánà ń sọ, kì í ṣe orúkọ páàtì tó yẹ kí oníbàárà lọ rà. Ẹni tó bá ti ka nọ́ńbà tán tó sì ránṣẹ́ sí ọlọ́jà páàtì, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró ló yanjú rẹ̀. Kí ó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ti sọ fún mi pé, "Màmá, mo máa gba owó àárọ̀ yìí o, mo bá rí i, mi ò bá rí i." Mo ní ó dára. Ó tan ọkọ̀, ó dẹtí sílẹ̀, ó fọwọ́ tẹ rọ́bà gbọọrọ tó gbé atẹ́gùn láti ibi fílítà lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Abẹ́ rọ́bà náà ti sán. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ pa ni ìró ẹ́ńjìnnì yí padà, èmi náà gbọ́ ọ. Rọ́bà yẹn nìkan la pààrọ̀. Owó rẹ̀ kò tó ìdámẹ́wàá ohun tí mo ti ná.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mi ò gbà pé olè ni yín. Mo ti bá yín jókòó lábẹ́ igi tó láti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Oníbàárà á gbé ọkọ̀ wá, ẹ ó lo wákàtí mẹ́ta lórí rẹ̀, ẹ ó rí i pé wáyà kan ló já, ẹ ó so ó. Oníbàárà á wo wáyà, á ní, "Nǹkan kékeré yìí náà lẹ fẹ́ gbowó lé?" Á fún yín lówó omi, á lọ. Àmọ́ bí ẹ bá ní kó ra páàtì olówó ńlá, á sanwó iṣẹ́ láìjanpata, torí ó rí ohun kan tó fojú rí. Àwa la kọ́ yín pé páàtì ló lówó lórí, pé ọgbọ́n ò lówó. Ẹ wá kó owó àkókò yín pamọ́ sínú owó páàtì. Èyí tó buru jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó ṣàyẹ̀wò dáadáa ló ń pebi, ẹni tó ń méfò tó sì ń pààrọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sẹ́nu.

Èyí ni ìdí tí mo fi ní kí ẹ máa gba owó àyẹ̀wò ní gbangba. Ẹ jọ fẹnu kò nínú ìpàdé yín, kí ó má jẹ́ pé ẹnì kan ń gbà á, ẹnì kejì ń fi ọ̀fẹ́ fa oníbàárà mọ́ra. Ẹ̀yin onímọ́tò ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ san án. Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí náírà sì tún já lẹ́yìn rẹ̀, ẹ mọ iye tí bẹntiróòlù di, ẹ mọ iye tí páàtì tòkúnbọ̀ pàápàá di. Ta ló tún lówó ìméfò lọ́wọ́ nínú wa?

Nǹkan díẹ̀ tó kù, wọn ò ní gùn. Bí ẹ bá yọ páàtì, ẹ gbé ògbólógbòó rẹ̀ fún ẹni tó ni ọkọ̀ kó fojú rí i. Ẹ fi ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tún ṣe: ọjọ́, ohun tó ń ṣe é, ohun tí ẹ rí, ọ́ìlì tí ẹ dà sí i, orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin fọkanáísà, ẹ máa fi nọ́ńbà mẹ́rin ìparí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tòkúnbọ̀ han oníbàárà. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2019 ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe táyà tuntun bó ti wù kó máa dán tó. Bí obìnrin bá sì gbé ọkọ̀ wá, ẹ má ní kó lọ pe ọkọ rẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ti re ibi àgbà ń rè, èmi ni mo ń san owó náà, èmi sì ni mo máa wà á gba òru kọjá bí ó bá kọṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ ló kù, òun ló sì jẹ mí lógún jù. Ìlú tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ Machine Tools àti ilé iṣẹ́ irin sí ni Òṣogbo. Ọmọ ìlú yìí ò gbọdọ̀ máa sá fún ìwé irinṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin ọ̀gá ní etí tó ń gbọ́ àìsàn ọkọ̀, àwọn ọmọ ní fóònù tó lè ṣí ìwé ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọmọ tí kò bá lè ka orúkọ ọ́ìlì jíà nínú ìwé, tí kò sì lè ṣàlàyé iṣẹ́ tẹ́mósítáàtì, ẹ má tíì ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún un.

Èmi ti fẹ̀yìntì, àmọ́ ẹnu mi ṣì ń kọ́ni. Bí ẹ bá fún mi láyè, mo fẹ́ máa wá bá àwọn ọmọ iṣẹ́ jókòó ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí a jọ máa ka ìwé ọkọ̀, kí n máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì bá le fún. Mi ò ní gba kọ́bọ̀. Bẹ́ǹṣì àti pátákó ìkọ̀wé nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ wá, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi. Tẹ́mósítáàtì ni a óò fi bẹ̀rẹ̀: kí ẹnì kan mú ògbólógbòó kan wá, kí ẹlòmíràn gbé ìkòkò omi ka iná, kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí i bó ṣe ń ṣí.

Èmi ni,
Ìyá Tíṣà, onímọ́tò kan ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo.